Ẹran Ìgbẹ́: Ọwọ́ Tí Ń Kun Ún àti Ẹnu Tí Ń Jẹ Ẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, aboyún kan ni ó fà á jáde lẹ́nu mi ní dìsípẹ́nsárì wa ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ni, kò sì tíì pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Nígbà tí mo ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, inú rẹ̀ funfun bí òwú. A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, PCV rẹ̀ kò ju 26 lọ, bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ kí ti aboyún tó 33 ó kéré tán. Mo bi í ní ohun tí ó ń jẹ. Ó ní ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ata ni, nígbà mìíràn ìkọ́kọrẹ́.

Mo ní, “Ẹran ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyá Nọ́ọ̀sì, ọdẹ ni ọkọ mi mà. Ẹran ìgbẹ́ kì í wọ́n nílé wa. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ní aboyún kì í jẹ ọ̀yà, pé ìrọbí rẹ̀ yóò pẹ́.”

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀bẹ ti gé e ní àtàǹpàkò, ojú egbò náà kò tíì jiná. Mo bèèrè ohun tí ó gé e. Ó ní òun ni òun máa ń kun ẹran náà lórí ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, kí àwọn alágbàtà tó dé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti dorí kodò. Ibi tí ewu ẹran ìgbẹ́ wà gan-an, níbi tí ẹ̀jẹ̀ tútù ti ń kan ọwọ́, ibẹ̀ ni wọ́n fi aboyún sí. Ibi tí oore rẹ̀ wà, nínú ìkòkò tí ó ti hó dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n ti lé e kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti oore náà. Ọ̀yà, ẹtu, èsúró, òòrẹ̀ àti òkété, ẹran gidi ni gbogbo wọn. Bí a bá wọn ẹran ọ̀yà ní gíráàmù 100, bí gíráàmù 20 nínú rẹ̀ ni amúaradàgbà, èyíinì ni èròjà tí í kọ́ ara ọmọ, tí í sì í tún ara aláìsàn ṣe. Ìwọ̀n yìí tó ti ẹyin adìyẹ mẹ́ta. Ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀, nítorí ẹran tí ń sá kiri inú igbó kì í sanra bí èyí tí a so mọ́lẹ̀. Èròjà irin tí í mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ wà nínú rẹ̀, irin inú ẹran sì máa ń tètè wọ ara ju ti inú ẹ̀fọ́ lọ. Ohun tí ọmọbìnrin yìí ṣe aláìní gan-an ni ó ń gé wẹ́wẹ́ fún ẹlòmíràn.

Ní ti pé ọ̀yà ń fa ìrọbí gùn, n kò rí i rí nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń gbẹ̀bí, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kò sì kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ti ìgbín tí wọ́n ní ó ń mú kí ọmọ máa da itọ́. Ṣùgbọ́n n kò bá èèwọ̀ ìdílé jà. Bí ilé yín kò bá ń jẹ òkété, ẹ fi í sílẹ̀, ẹyin wà, ẹja wà, ẹ̀wà wà. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí a fi èèwọ̀ du aboyún ní ẹran, kí a má sì fi nǹkan kan dípò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí ti ewu. Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò rántí ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje. Ènìyàn 20 ni ó mú ní orílẹ̀-èdè wa, 8 nínú wọn kú, títí kan Dókítà Stella Ameyo Adadevoh tí kò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde kúrò nílé ìwòsàn. Ní 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Láàárín ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá fún ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ bí ẹni sá fún ejò. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú àwọn 20 náà tí ó kó o láti inú ọbẹ̀. Ara èrò ọkọ̀ òfuurufú kan àti àwọn tí ó fara kàn án ni ó ti tàn kálẹ̀. Kòkòrò Ebola kì í yè nínú ìkòkò tí ń hó. Àfi ẹni tí ó bá fi ọwọ́ lásán kan ẹ̀jẹ̀ tútù ẹranko tí ó ní in.

Ìtàn kejì jẹ́ ti àwa nọ́ọ̀sì, n kò sì lè sáré sọ ọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Laura Wine dùbúlẹ̀ àìsàn ní Lassa, ìlú kékeré kan ní Borno. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ni ó kú sí. Nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ ní Jos, Charlotte Shaw, ti gé ọwọ́ díẹ̀ níbi tí ó ti ń já òdòdó. Ìka yẹn ni ó fi aṣọ wé, tí ó fi nu ẹnu aláìsàn náà. Òun náà kú kí oṣù Kejì tó parí. Ẹni kẹta, Lily Pinneo, tí ó tọ́jú wọn, ni wọ́n gbé lọ sí New York, Ọlọ́run sì dá a sí. Láti ara wọn ni ayé ti mọ ibà Lassa. Èkúté kan tí ń gbé inú ilé àti oko, tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti èkúté yòókù lọ, ni ó máa ń gbé e kiri nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Títí di ìsisìyí ni ó ń pa ènìyàn lọ́dọọdún, pàápàá ní Ondo àti Edo tí kò jìnnà sí wa. Nítorí náà, ẹ bo gaàrí yín, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé máa pa èkúté ilé sun jẹ. Ẹni tí ibà bá mú láàárín ọjọ́ 21 lẹ́yìn tí ó fọwọ́ kan èkúté, tí oògùn ibà kò sì ràn án, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Mo rántí ọwọ́ Charlotte Shaw nígbà tí mo rí àtàǹpàkò ọmọbìnrin yẹn. Ẹni tí ó bá ní egbò lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ kun ẹran ìgbẹ́ rárá, aboyún pẹ̀lú. Kí ẹni tí yóò kùn ún wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Bí kò bá sí, kí ó fi ọ̀rá nylon tí kò lu wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Orí pákó ni kí ó ti kùn ún, kì í ṣe orí ilẹ̀. Kí ó rọra yọ ìfun kí ó má bẹ́, kí ó sì ṣọ́ òróòro. Ọ̀bẹ àti pákó náà kò gbọdọ̀ kan ata, tòmátì tàbí búrẹ́dì kí a tó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ wọ́n. Kí a ri ìdọ̀tí inú ẹran mọ́lẹ̀, kí ajá má baà wú u.

Ẹ̀yin ará Èkó àti Ìbàdàn tí ẹ máa ń gba ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin kọjá, mo mọ̀ yín. Bí ẹ bá ti rí ọ̀yà tí wọ́n gbé kọ́ sórí igi lẹ́bàá ọ̀nà ní agbègbè wa, ẹsẹ̀ yín á ti wà lórí búréèkì. Kí ẹ tó dúnàá dúrà, ẹ wo ara ẹran náà. Ojú ọta dà? Ojú pàkúté dà? Bí kò bá ní ọgbẹ́ kankan, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn ẹni ibi kan wà tí wọ́n ń fi oògùn kòkòrò pa ẹran, májèlé náà kì í sì í jáde bí a bá se é di ọ̀la. Ẹni tí ó bá jẹ irú rẹ̀ lè máa bì, kí itọ́ àti òógùn máa dà lára rẹ̀, kí ẹyinjú rẹ̀ sì sún kì bí orí abẹ́rẹ́. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu o. Epo kì í ṣe ẹ̀rọ̀ májèlé, ó sì lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀.

Ẹran tí a bá ní ìgbẹ́ tí ó ti kú fúnra rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní imú rẹ̀ tí kò sì dì. Ó lè jẹ́ àrùn anthrax. Ní ọdún 2023 ni ó bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Ghana, nígbà tí ó sì di oṣù Keje, wọ́n rí i lára ẹran ọ̀sìn ní Ìpínlẹ̀ Niger nílẹ̀ wa. Kòkòrò tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí ó lè sùn sínú èèpo líle tí omi gbígbóná lásán kò ràn. Ní ti ọ̀bọ, àdán àti akika oníìpẹ́, n kò gbà yín níyànjú láti rà wọ́n rárá. Yàtọ̀ sí ti àrùn, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1985 ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ ẹranko tí ń tán lọ, akika sì wà nínú àwọn tí gbogbo ayé fòfin de òwò rẹ̀ ní ọdún 2016.

Ọ̀rọ̀ ọta ìbọn ṣì kù. Òjé ni ó pọ̀ jù nínú ọta ìbọn ọdẹ. Òjé kì í ṣe ohun ìṣeré, ó máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, àti ti ọmọ inú oyún. Ní ọdún 2010 ní Zamfara, eruku òjé láti inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú agboolé pa ọmọdé tí ó kéré tán ó tó 400. Ti inú ẹran kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tí ó dára fún ọmọ. Ẹ fi ìka wá gbogbo hóró ọta, kí ẹ sì gé ẹran tí ó ti dúdú yí ojú ọta ká dànù ní fífẹ̀. Kí ẹ ṣe èyí kí tòmátì tó kàn án, nítorí ohun kíkan máa ń fa òjé jáde sínú ọbẹ̀. Ẹran tí pàkúté mú kò ní wàhálà yìí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀yà tí a sìn nínú ilé, irú èyí tí àwọn ará Benin ti ń sìn fún títà láti àwọn ọdún 1980.

Ó tó, ẹ jẹ́ kí a wọ ilé ìdáná. Nítorí pé ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀, iná líle máa ń sọ ẹran ìgbẹ́ di rọ́bà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wì í, tí ẹ sì ti fọ̀ ọ́, ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka méjì. Ẹ da omi bò ó, ẹ fi alùbósà, atalẹ̀, ata àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ dé e. Bí ó bá ti hó, ẹ dín iná kù, kí ó máa hó jẹ́jẹ́ fún wákàtí kan ààbọ̀. Àgbà òòrẹ̀ lè tó wákàtí méjì. Ẹni tí ó bá ní présọ̀ pọ́ọ̀tù yóò yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ la èyí tí ó nípọn jù lọ wò. Bí omi pupa bá ṣì ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun, ẹ dá a padà síná. Ẹ má da omi rẹ̀ nù, òun ni ẹ óò fi se ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Bí ẹ bá jẹun tán, ẹ jẹ ọsàn kan lé e, kí irin náà lè wọ ara. Ẹ má mu tíì mọ́ ọn.

Ẹran gbígbẹ ni ó máa ń tan àwọn ìyàwó ilé jẹ. Èéfín kì í se ẹran jinná. Èmi fúnra mi ra itan ẹtu kan rí, ó gbẹ lójú bí igi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo là á, àárín rẹ̀ pupa, ìdin sì ń rìn nínú rẹ̀. Owó mi dùn mí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bí ó bá ń rùn bíi kẹrosíìnì tàbí oògùn kòkòrò, ẹ má rà á. Èyí tí ó dára, ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹ̀edú ara rẹ̀ kúrò, nítorí àwọn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀edú èéfín. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ẹ da omi yẹn nù, kí ẹ tó wá sè é bí mo ti wí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí ó dín iyọ̀ àti mágì kù.

Ọmọbìnrin náà padà wá ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀. Mo ti fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì ti ránṣẹ́ sí ìyá náà pé kí ó wá rí mi. A jọ sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, bí o bá ti ní kò léwu, kí ó máa jẹ ẹ́. Ọmọ ọkùnrin ni yóò máa kun ẹran báyìí.” PCV aboyún wa ti di 31 ní ọjọ́ náà. Bí wọ́n ti ń lọ, màmá fa itan ọ̀yà gbígbẹ kan yọ nínú àpò, ó ní kí n fi jẹ ẹ̀bà. Mo bi í bóyá wọ́n ti yọ ọta inú rẹ̀. Ó ní wọ́n ti yọ gbogbo rẹ̀ tán pátápátá.

Mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná ní alẹ́ ọjọ́ náà. Hóró òjé méjì ni mo bá nínú rẹ̀. Mo gé ẹran tí ó yí wọn ká dànù, mo sì se ìyókù.