Apá Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ọmú

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, ọ̀rọ̀ apá ni a fẹ́ bá yín sọ. Bí dókítà bá gé ọmú nítorí àrùn jẹjẹrẹ, ojú ọgbẹ́ àyà ni gbogbo ènìyàn ń wò. Ọgbẹ́ a jinná. Àmọ́ lọ́jọ́ tí obìnrin náà bá fẹ́ wé gèlè, apá kò gòkè mọ́. Kí ló fà á?

Àwọn kókó kéékèèké wà lábẹ́ abíyá wa. Wọ́n ń sẹ́ omi ara tó ń ti apá àti ọmú bọ̀, bí a ti ń sẹ́ ògì. Bí jẹjẹrẹ ọmú bá fẹ́ tàn ká, ibẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí. Nítorí náà ni dókítà ṣe ń yọ díẹ̀ tàbí púpọ̀ nínú wọn. Ibi tí a gé a sún kì. Ẹ̀yìn apá lókè a máa ṣe bí ẹni pé ó kú: ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ kò mọ̀ ọ́n dáadáa.

Láyé àtijọ́, ó le ju báyìí lọ. Ní ọdún 1894, Dókítà William Halsted ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa iṣẹ́ abẹ tirẹ̀. Bí ó ti ń gé ọmú ni ó ń gé iṣan àyà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Iṣan yìí la fi ń ti nǹkan, òun la fi ń gbá ọmọ mọ́ra. Lónìí, àwọn dókítà a máa fi iṣan náà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Agbára ṣì wà níbẹ̀. Àìlò ló ń pa á.

Nítorí ìfẹ́ ni àwọn ará ilé fi ń sọ pé, "Màmá, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o." Màmá a gbé apá mọ́ àyà fún oṣù 3. Kí èjìká má gan kẹ̀?

Láti ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ni nọ́ọ̀sì ti máa ń ní kí aláìsàn di ìkúùkù, kí ó tú u, kí ó ká apá, kí ó nà án. Nígbà tí dókítà bá gbà, ẹ dojú kọ ògiri. Ẹ máa fi ìka rìn gòkè lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí alángbá. Ibi tó bá ti ń fà, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì síbẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bí ẹ bá kọjá rẹ̀ lọ́la. Kó máa fà, ìyẹn dára. Kó máa dunni gan-an, ìyẹn kò dára.

Iyán gígún àti garawa omi ńkọ́? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, títí dókítà yóò fi gbà, lẹ́yìn náà kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó fúyẹ́. Tẹ́lẹ̀ rí, wọ́n a máa kìlọ̀ fún obìnrin pé kó má gbé ohun wúwo mọ́ láéláé, kí apá má baà wú. Ní ọdún 2009, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí obìnrin 141 tí apá wọn ti wú. Àwọn kan nínú wọn ń gbé irin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wọ́n ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì wọ aṣọ tó fún apá. Apá wọn kò wú ju ti àwọn yòókù lọ, wọ́n sì lágbára sí i.

Apá lè wú lẹ́yìn oṣù, àní lẹ́yìn ọdún, torí ọ̀nà tí omi ara ń gbà ti dín kù. Bí òrùka tàbí ẹ̀gbà ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí fún yín, ẹ tètè fi han dókítà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí apá náà o! Ojú abẹ kékeré yẹn ni kòkòrò àrùn máa gbà wọlé. Bí ó bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì ń ṣe yín, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.