Èdè Ìyá, Èdè Ìwé: Àwọn Ìyá Èkìtì àti Ọmọbìnrin Wọn ní London

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: bí ìyá bá kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ǹjẹ́ ọmọ tí ó bí sí òde yóò mọ̀ ọ́n ní ẹ̀ṣọ́?

Ẹ jẹ́ kí á mú ìyá tí ó ti Ìjerò, Arámọ̀kọ tàbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lọ tẹ̀dó sí London, tí ó sì bí ọmọbìnrin sí ibẹ̀. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì ni ìyá ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ fi ń dáhùn. Nígbà tí ọmọ dàgbà, ó ra ìwé láti fi kọ́ Yorùbá, Yorùbá àjùmọ̀lò ni ó sì bá níbẹ̀. Ìyá ní 'ulé', ìwé ní 'ilé'. Ìyá ní 'ugbá', ìwé ní 'igbá'. Ọmọ wá rò pé ìyá òun ni kò gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Èrò yìí kò tọ̀nà rárá. Lóòótọ́, fáwẹ̀lì 'u' kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ṣùgbọ́n òfin ẹ̀ka-èdè Èkìtì gbà á láàyè. Ti ọ̀wọ̀ tún ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé kọ́ ọmọ pé 'ẹ' ni a fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Nínú Èkìtì ìbílẹ̀, arọ́pò-orúkọ ẹlẹ́yọ kan náà ni a ń lò fún àgbà àti ọmọdé. Ìkúnlẹ̀ àti orúkọ ìbátan bíi 'yèyé' ni a fi ń mọ ọ̀wọ̀. Bí ọmọ bá gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ó lè rò pé àrífín ni.

Kì í ṣe Èkìtì nìkan ni èyí kàn. Ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, èdè Cantonese àti ti Taishan ni ọ̀pọ̀ ìyá tí ó ti gúúsù Ṣáínà wá ń sọ sí ọmọ wọn. Síbẹ̀, Mandarin ni ọmọ sábà máa ń bá nínú ìwé bí ó bá fẹ́ kọ́ èdè Ṣáínà. Àṣìgbọ́ kan náà ni.

A kò sọ pé kí á pa Yorùbá àjùmọ̀lò tì. Òun ni ó so gbogbo wa pọ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹni tí yóò bá kọ́ ọmọ ní Yorùbá lókè òkun kọ́kọ́ bi í léèrè ìlú tí ìyá rẹ̀ ti wá.