Ẹ Ṣàríwísí Iṣẹ́, Ẹ Má Bú Oníṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àkókò àti dátà yín ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lórí Wikipedia, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá bá bú òṣìṣẹ́ báǹkì lónìí, òṣìṣẹ́ náà yóò padà wá lọ́la nítorí owó iléèwé ọmọ. Ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ kò ní ohun tó dè é mọ́lẹ̀. Kò ní kọ ìwé ìfipòsílẹ̀, kò sì ní bá yín jà. Ẹ kàn máa rí i pé àwọn àyọkà tó ń tọ́jú ti di ahoro.

Nǹkan kékeré ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀: àmì ohùn, ọjọ́ ìbí olórin kan, ibi tí ọba kan ti ṣẹ̀ wá. Ẹnì kan yọ gbólóhùn kúrò, ẹnì kejì dá a padà, ẹni àkọ́kọ́ tún yọ ọ́. Lórí Wikipedia ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá da iṣẹ́ ẹlòmíràn nù ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójú ewé kan láàárín wákàtí 24 lè rí ìdènà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ tẹ̀ lé e ló ń ba nǹkan jẹ́ jù: “Ta ló kọ́ ẹ ní Yorùbá?” “Mélòó ni olóṣèlú yẹn san fún ẹ?” Bí a bá ní gbólóhùn kan kò ní ìtọ́kasí, ẹni tó kọ ọ́ lè wá ìwé tàbí ìwé ìròyìn tó gbè é lẹ́yìn. Bí a bá pè é ní òpùrọ́, kí ni kó wá lọ mú wá?

Ẹ sì rántí pé orúkọ ìnagijẹ lẹ ń rí. Ẹni tí ẹ pè ní “ìwọ ọmọ yìí” lè jẹ́ olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ máa fi “ẹ” bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Àwọn ògbólógbòó gan-an ni mo fẹ́ kìlọ̀ fún jù. Wọ́n máa ń ní, “Ẹnu lágbájá le, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dára, a ò lè ṣe é láìsí i.” Irọ́ ni. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ Linux, ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń kọ, ní ọdún 1991, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi ń sọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, òun fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì, ó sì yẹra fún ìgbà díẹ̀ láti lọ tún ìwà ṣe. Ǹjẹ́ Linux dẹnu kọlẹ̀? Ó tì o. Greg Kroah-Hartman, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, ló gbé ẹ̀dà 4.19 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún náà.

Bí wọ́n bá bú yín, ẹ má fèsì lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo ìlà tí ẹ bá kọ ló wà nínú ìtàn ojú ewé, pẹ̀lú orúkọ àti aago. Bí ẹ bá tilẹ̀ pa á rẹ́, wọ́n á hú u jáde. Ẹ dáhùn kókó tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ fi èébú sílẹ̀ fún ẹni tó ni í. Bó bá tún ṣe é, ẹ kó ẹ̀rí jọ, kí ẹ gbé e lọ bá alámùójútó. Ìlànà Ìwà tí Wikimedia Foundation, àjọ tó ń bójú tó Wikipedia, gbé jáde ní ọdún 2021 de gbogbo èdè, Yorùbá náà wà níbẹ̀. Ó ka títú orúkọ gidi tàbí àdírẹ́sì ẹni síta láìgba àṣẹ rẹ̀ sí ìfìyàjẹni. Ìhàlẹ̀ mọ́ ẹ̀mí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn rárá. Ẹ fi tó Foundation àti ọlọ́pàá létí.

Ẹ̀yin tó kù tí ẹ ń ka ìjà náà, ẹ má kàn máa wòran. Ẹ dá sí i, kí ẹ kọ ìlà kan péré síbẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà sórí àyọkà.”