Àròkọ Alárìíyànjiyàn: Fìlà Ṣíṣí àti Orí Bíbò ní Ilé Àdúrà

Ìbéèrè: "Ẹni tí ó bá wọ ilé àdúrà ẹlẹ́sìn mìíràn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé àṣà ibẹ̀ nípa orí bíbò tàbí fìlà ṣíṣí." Ǹjẹ́ o fara mọ́ èyí?

Ìtọ́sọ́nà

Irú àkọlé báyìí dùn ún kọ, ṣùgbọ́n ó ti gbé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣubú nínú ìdánwò Ìwé Mẹ́wàá. Ohun tí ó ń fà á ni pé olúkúlùkù ti ní ẹ̀sìn tirẹ̀ kí ó tó mú kálámù. Onígbàgbọ́ yóò kọ ìwàásù, Mùsùlùmí yóò kọ wáàsí, ẹni tí ó ń yẹ ìwé wò yóò sì máa wá àròkọ kiri. N kò ní kí ẹ fi ẹ̀sìn yín pamọ́. Ohun tí à ń béèrè ni pé kí ẹ sọ ibi tí ẹ dúró sí, kí ẹ fi ẹ̀rí gbè é lẹ́yìn, kí ẹ sì sọ àṣà ẹlòmíràn bí ẹni tí ó ni ín ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹ ṣọ́ àmì abẹ́ lẹ́tà pẹ̀lú. "Bo orí" ni kí ènìyàn fi aṣọ tàbí fìlà lé orí. "Bọ orí" ni kí ó fi obì àti omi tútù sin orí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìborí, tí í ṣe aṣọ, yàtọ̀ sí ìbọrí, tí í ṣe ìsìn. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé gbogbo ìyá ìjọ ni ó máa ń bọ orí kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ìjọ yóò bá yín jà, máàkì yín yóò sì lọ.

Ohun kan kù. Ẹjọ́ hìjáábù ní ilé-ẹ̀kọ́ yóò wá sí yín lọ́kàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gba ju gbólóhùn kan lọ, nítorí ilé àdúrà ni ìbéèrè wa dá lé.

Àpẹẹrẹ Àròkọ

Ní ìlú Àgọ́-Ìwòyè níbí, kò ṣọ̀wọ́n kí á rí ìdílé tí bàbá ń kírun, tí ìyá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ sì wà ní ìjọ Aládùúrà. Nígbà tí ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó bá dé, gbogbo wọn yóò péjọ sí ilé àdúrà kan náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ fìlà ti máa ń di wàhálà. Ẹ wo àna tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, tí ó wá sin òkú ìyá ìyàwó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fìlà rẹ̀ wà lórí, kò sì ní èrò ibi kan lọ́kàn. Kí ó tó jókòó, ẹni tí ń tọ́jú èrò ti nawọ́ sí i láàárín àwùjọ pé kí ó ṣí i. Bí ó bá ṣí i, ojú ti tì í; bí ó bá bínú jáde, ìsìnkú ti di ìjà ẹbí.

Èmi fara mọ́ ọn pé kí àlejò tẹ̀ lé àṣà ilé tí ó wọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí àṣà náà jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí kò ṣe bíi tiwọn ń tàbùkù Ọlọ́run ni.

Láàárín àwọn Onígbàgbọ́, orí kọkànlá ìwé Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Níbẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti sọ fún ìjọ tí ó wà ní ìlú Kọ́ríńtì, ní ilẹ̀ Gíríìkì, pé ìtìjú ni kí ọkùnrin bo orí gbàdúrà, ìtìjú sì ni kí obìnrin gbàdúrà láìbo orí. Nígbà tí ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú lẹ́yìn tí àwọn Òyìnbó ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ní 1892, èyí kò ṣòro fún àwọn ènìyàn wa láti gbà. Ọkùnrin Yorùbá ti ń ṣí fìlà kí ọba àti àgbà tẹ́lẹ̀. Abilékọ tí ó mọ iyì ara rẹ̀ kì í sì í lọ sí òde láìwé gèlè. Gèlè ìyá wa ti bá ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù mu kí oníwàásù tó dé.

Síbẹ̀, inú ìjọ pàápàá kò dọ́gba. Bíṣọ́ọ̀bù a máa dé fìlà oyè rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, a sì ṣí i bí àdúrà bá kàn. Ọba aládé kì í ṣí orí sílẹ̀ ní gbangba, ọ̀pọ̀ ìjọ ni ó sì ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ìjọ Kátólíìkì ti 1917 pa á láṣẹ pé kí obìnrin bo orí. Òfin tuntun ti 1983 kò mẹ́nu bà á mọ́. Ní ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1925, àti ní Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, orí obìnrin gbọ́dọ̀ wà ní bíbò nígbà ìsìn. Nínú ìjọ ti Oshoffa, bàtà pàápàá kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ dé ọ̀kan nínú àwọn ìjọ tuntun, ẹ lè bá ọmọbìnrin tí ó ń darí orin láìwé nǹkan kan sórí.

Ẹ jẹ́ kí á wo mọ́ṣáláṣí. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin Mùsùlùmí ni ó ń dé fìlà tàbí tí ó ń wé láwàní kírun, àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí sì rò pé ìrun ẹni tí kò dé e kò gún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ti ọkùnrin, ẹ̀ṣọ́ àti àpọ́nlé ìrun ni fìlà. Àìdé e kò ba ìrun jẹ́. Ẹ̀rí èyí wà ní Mẹ́kà. Ọkùnrin tí ó bá ti wọ aṣọ funfun méjì tí a fi ń ṣe iṣẹ́ Hájì kò gbọdọ̀ dé fìlà rárá títí yóò fi bọ́ wọn. Alájì tí ó padà dé tí ó sì wé láwàní ńlá ti dúró níwájú Kaaba láìdé nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ti obìnrin yàtọ̀. Fún obìnrin tí ó ti bàlágà, dandan ni orí bíbò nígbà ìrun. Ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ni ó lè wà ní gbangba. Gèlè àti ìborùn ni ọ̀pọ̀ ìyá àgbà wa fi ń ṣe é. Hìjáábù ni àwọn ọ̀dọ́ ń lò. Hìjáábù yìí dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà, tí ó dájọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022 pé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lè lò ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Èkó; ẹjọ́ ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn, kì í ṣe ti ilé àdúrà.

Àwọn Júù tún gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ìwé Ẹ́kísódù orí 28, a pàṣẹ pé kí wọ́n dá fìlà fún àwọn ọmọ Áárónì àlùfáà. Títí di òní, ọkùnrin Júù tí ó di àṣà mú a máa bo orí gbàdúrà. Onígbàgbọ́ tí ó ń ka ìwé Mósè kan náà a sì ṣí tirẹ̀. Àwọn baba ńlá wa náà ní tiwọn. Nígbà ìbọrí, orí fúnra rẹ̀ ni à ń bá sọ̀rọ̀, òun ni a sì ń fi obì kàn. Ta ni yóò dé fìlà lé e?

Nígbà tí mo wo gbogbo rẹ̀, mo rí i pé ẹni tí ó ṣí fìlà àti ẹni tí ó dé e, ìtẹríba kan náà ni wọ́n ń ṣe. Mo tún rí ohun kan tí ó yà mí lẹ́nu. Mùsùlùmí ọkùnrin tí ó ṣí fìlà ní ṣọ́ọ̀ṣì kò rú òfin ẹ̀sìn rẹ̀, nítorí fìlà kì í ṣe dandan fún un. Mùsùlùmí obìnrin kò ní ohun tí yóò ṣí, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ń béèrè nǹkan lórí obìnrin, bíbò ni ó ń béèrè. Onígbàgbọ́ obìnrin tí ó wé nǹkan sórí wọ mọ́ṣáláṣí ń ṣe ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ. Ọkùnrin Onígbàgbọ́ tí ó bá àna rẹ̀ lọ síbẹ̀ ńkọ́? Kò sí ẹni tí yóò fi dandan dé fìlà fún un.

Àwọn kan yóò sọ pé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní apá 38, fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ lórí orí wọn. Òótọ́ ni pé òmìnira náà wà, ṣùgbọ́n onílé náà ní tirẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá kọ̀ ọ́ lè dúró sí ìta, kí ó kí ẹbí nígbà tí ìsìn bá parí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹbí kì í sì í tú ká.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn onílé wí ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́. Kí wọ́n fi ènìyàn sí ẹnu ọ̀nà, kí gèlè díẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tí kò mú wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe na ọwọ́ sí fìlà àgbàlagbà. Kí ọmọ tí a bá yàn sún mọ́ ọn, kí ó tẹ̀ ba, kí ó sì sọ ọ́ sí i létí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ṣí fìlà."

Àkíyèsí

Ẹ wo ibi tí ẹ̀rí Mẹ́kà bọ́ sí nínú àròkọ yìí. Òun ni ó lágbára jù, nítorí inú ẹ̀sìn àlejò náà ni a ti mú un wá. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù nìkan ni a fi sọ fún Mùsùlùmí pé kí ó ṣí fìlà, kò ní gbà.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

1. Kọ àròkọ tí ó ta ko èyí. Má ṣe lo apá 38 nìkan.

2. Kọ lẹ́tà sí àna rẹ tí ó jẹ́ ẹlẹ́sìn mìíràn, kí o pè é wá síbi ìgbéyàwó ní ilé àdúrà yín, kí o sì fi ọgbọ́n sọ fún un ohun tí ẹ fẹ́ nípa fìlà tàbí gèlè.