Ẹ̀yìn Ń Dùn Mí, Ọ̀gá Ní Kí N Lo Oògùn

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kó píọ̀ wọ́tà sọ́kọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan n'Ìbàdàn. Iye àpò tí mo bá kó ni wọ́n fi ń sanwó fún mi. Láìpẹ́ yìí ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ó sì ti ń sọ̀kalẹ̀ dé itan ọ̀tún. Ọ̀gá mi ní kí n máa lo oògùn ìrora, pé bí n kò bá lè ṣe é mọ́, ọ̀pọ̀ ló ń wáṣẹ́. Ìyá mi ní ayé ló ń bá mi jà. Kí ni kí n ṣe? — Alẹ́yìn-dídùn, Ìbàdàn

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Kí Màmá fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ yẹn nìkan tó ohun tí í ba ẹ̀yìn jẹ́. Ogún ọ̀rá omi tó wà nínú àpò kan tó kílò 10. Lójú ẹni tó gbé e lẹ́ẹ̀kan, kò wúwo. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé e, ẹ ń yí ìbàdí, ẹ ń jù ú sókè fún ẹni tó wà lórí ọkọ̀, ẹ sì ti tún dé ìdí òmíràn. Ta ni yóò sinmi nígbà tó jẹ́ iye àpò ni wọ́n ń kà?

Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ẹ̀yìn dídùn tún ti rí i pé ìrora máa ń pẹ́ lára ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò fi í lọ́kàn balẹ̀, tí kò láṣẹ láti sinmi, tí ọ̀gá kò ṣaájò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ “ọ̀pọ̀ ló ń wáṣẹ́” yẹn wà lára ohun tó ń dá yín lóró. Inú bí mi nígbà tí mo kà á.

Ẹ rọra pẹ̀lú oògùn. Díkilófẹ́nákì àti ìbùprófẹ́ènì lè dá egbò síni nínú, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́, bí èèyàn bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́. Ẹ lọ sí ọsibítù. Ẹ má kàn dùbúlẹ̀ sílé, ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tí abẹ́ bá kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ bá ń bọ́ láìmọ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ sáré débẹ̀.

Ní ti ọ̀gá yín, òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó farapa kò yọ alágbàṣe sílẹ̀, kódà bó jẹ́ ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà yín. Agbanisíṣẹ́ ló ń dáwó náà fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó gbà-má-bínú yìí, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó yín. Ọjọ́ 14 ni òfin fún òṣìṣẹ́ láti fi tó ọ̀gá létí, ọdún kan ló sì ní láti fi béèrè owó. Nítorí náà, ẹ má fi dọ̀la. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ fi ọjọ́ sí i, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Kí dókítà náà kọ irú ẹrù tí ẹ ń gbé sínú ìwé tirẹ̀.

Nínú ìwé tí ẹ kọ sí ọ̀gá yẹn kan náà, ẹ ní kí wọ́n máa to àpò sórí pépéle tó ga dé ìbàdí, kí ẹ sì máa ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ. Pákó mélòó kan ni pépéle náà máa gbà. Bí ọ̀gá bá kọ̀, ẹ mú ẹ̀dà ìwé yín lọ sí ọ́fíìsì NSITF tó bá sún mọ́ yín.