Àwọ̀ Ara Kọ́ Ni Ọpọlọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, Suuratul-Hujuraat aaya 13 kọ́ wa pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ló ń gbé ènìyàn ga, kì í ṣe ẹ̀yà. Ní Topeka, ní Amẹ́ríkà, ilé-ìwé kan wà nítòsí ilé Linda Brown, ṣùgbọ́n aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n ṣí i fún. Ọ̀nà jíjìn ni ọmọ náà ń lọ. Bàbá rẹ̀ àti àwọn òbí mìíràn pẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù dá wọn láre ní 1954.

Síbẹ̀ àlàfo kò dí. Owó-orí ilé àdúgbò wà lára owó tí wọ́n fi ń tọ́jú ilé-ìwé lọ́hùn-ún. Bí àdúgbò bá tòṣì, owó á kéré. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi dí òbí dúdú lọ́wọ́ àtirà ilé síbi tó dára. Bí èsì ìdánwò ọmọ wọn bá wá rẹlẹ̀, àwọn kan á ní ọpọlọ wọn ni kò pé. Súbhànállàhi!