Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọ̀rọ̀ Lórí Oúnjẹ Ìdílé Tó Ń Lọ Gbafẹ́ Ní Orlando

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí, kì í sì í ṣe tálákà nìkan ni òwe náà ń bá wí. Ó ń bá ìyá àti bàbá náà wí tí wọ́n fi odidi ọdún kan ṣẹ́ owó jọ díẹ̀díẹ̀ ní Houston tàbí Atlanta, ní Maryland tàbí ní Peckham lọ́hùn-ún, kí wọ́n lè kó àwọn ọmọ wọn lọ wo ọgbà ìṣeré ńláńlá tó wà ní Orlando ní ìpínlẹ̀ Florida, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá gba ọlidé ìgbà ooru. Irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ a máa ṣírò owó tíkẹ́ẹ̀tì dé orí kọ́bọ̀, wọn a ka owó epo ọkọ̀ tàbí ti bàálù, wọn a wá hòtẹ́ẹ̀lì tí owó rẹ̀ kò wọni lọ́rùn títí ojú wọn yóò fi pọ́n, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n pé èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún oúnjẹ, èsì wọn ni pé, "Bí a bá débẹ̀, a ó jẹun." Èsì yìí gan-an ló ń sọ ìgbádùn di gbèsè, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni ẹnu ń béèrè tirẹ̀, ti ọmọdé a sì máa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí tó lè mọ ìdí tí oúnjẹ ibẹ̀ fi wọ́n, ó yẹ kí ó mọ bí ilẹ̀ náà ti rí. Walt Disney ló ra ilẹ̀ tí àwọn ọgbà Disney wà, nígbà tó jẹ́ àbàtà àti igbó. Ó kú ní ọdún 1966 kí iṣẹ́ tó parí, Roy, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló sì ṣí i fún aráyé ní oṣù kẹwàá ọdún 1971. Ọgbà mẹ́rin ló wà níbẹ̀ lónìí: Magic Kingdom, EPCOT, Hollywood Studios àti Animal Kingdom. Kò sí ìyá olóúnjẹ létí títì nínú wọn, kò sí ẹni tó ń kiri mọ́ínmọ́ín tí a lè bá dúnàádúrà. Ẹni tó bá ti wọlé ti di àlejò onílé, iye tí onílé bá sì fi lé oúnjẹ ni àlejò yóò san. Àwo oúnjẹ àgbàlagbà kan lójú fèrèsé ìsọ̀ lásán, níbi tí kò sí agbáwo tí yóò gbé e wá, a máa ju dọ́là 10 lọ dáadáa. Èyí tó tún le nínú ọ̀rọ̀ Magic Kingdom ni pé ẹni tó wa ọkọ̀ wá kò lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà: òdìkejì ọ̀sà ni yóò gbé e sí, tí yóò sì wọ ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ ojú irin tó ń gba orí òpó lọ kí ó tó débẹ̀. Ìdílé tó bá gbàgbé kúlà oúnjẹ sínú ọkọ̀, ẹnìkan yóò padà tọ gbogbo ọ̀nà yìí lálọ lábọ̀ nínú oòrùn Florida, kí onítọ̀hún sì tó dé, ebi yóò ti mú kí àwọn tó kù ra ohun tí ẹnikẹ́ni kò pète.

Síbẹ̀, ọ̀nà kò dí. Òfin Disney ní Florida gbà kí àlejò gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọlé, àti ohun mímu tí kì í ṣe ọtí, bí kò bá ti sí nínú ìgò, bí kò bá jẹ́ ohun tí a ní láti gbé kaná, tí òórùn rẹ̀ kò sì ní dààmú ẹlòmíràn. Ìgò kékeré tí oúnjẹ ọmọ ìkókó wà nínú rẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda. Kúlà náà kò gbọdọ̀ gùn ju íǹṣì 24 lọ, kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju 15 lọ, kò sì gbọdọ̀ ga ju 18 lọ. Wọn kì í gba yìnyín tí a dà sínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àpò yìnyín tí a ń dì ní fíríìsà tí a sì ń tún lò ni kí ẹ mú. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ní Universal, ọgbà ìṣeré mìíràn tó wà ní Orlando, omi àti ìpanu díẹ̀ ni wọ́n gbà; ẹni tó bá di odindi oúnjẹ ọ̀sán lọ síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti padà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí a ka òfin ọgbà kọ̀ọ̀kan kí a tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, nítorí owó tí oúnjẹ yóò gbà wà lára owó tíkẹ́ẹ̀tì náà, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sára rẹ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ilé náà ni a sì ti ń di oúnjẹ àjò. Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú: àwọn baba wa ti to oúnjẹ sípò sípò fún wa, kí a má baà fi ìkẹyìn ṣáájú. Nínú àwọn ọgbà wọ̀nyí, gúgúrú ni wọ́n ń tà ní owó iyán, òórùn bọ́tà rẹ̀ a sì máa pàdé ọmọdé lójú ọ̀nà kí ó tó rí ohunkóhun mìíràn. Ọmọ tó ti yó láti hòtẹ́ẹ̀lì, tó sì mọ̀ pé ìpékeré, ẹ̀pà àti ṣinṣin tí ìyá òun dín nílé ń bẹ nínú àpò, yóò wo gúgúrú náà, yóò sì kọjá. Ọmọ tí ebi ń pa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí a bá a wí.

Ẹni tó bá fi ọkọ̀ rin ìrìn àjò náà láti Atlanta tàbí Houston ní àǹfààní tó pọ̀ jù, nítorí ó lè se ọbẹ̀ ata nílé, kí ó dì í gbagidi nínú ike, kí ó sì gbé e sínú kúlà ńlá. Bí ó bá ti yan hòtẹ́ẹ̀lì tó ní fíríìjì àti ẹ̀rọ tí a fi ń mú oúnjẹ gbóná, tàbí irú àwọn ilé tó ní kíṣìnnì, èyí tó pọ̀ lápá Kissimmee nítòsí Orlando, alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá dé ni wọn yóò ti jẹ ẹ̀bà. Ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà bọ̀ ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé kílíṣí, pọ̀nmọ́ tàbí ẹran gbígbẹ kankan, nítorí àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà kì í gbà á. Ohun jíjẹ tó bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe gàrí, kí ó jẹ́wọ́ rẹ̀ fún wọn, torí ẹni tó bá fi í pamọ́ lè san owó ìtanràn. Mo sì bẹ àwọn ìyá pé kí wọ́n má gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wọ inú ọgbà. Àwọn onímọ̀ ìlera ní Amẹ́ríkà sọ pé oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ, wákàtí kan péré ni bí ooru bá ju ìwọ̀n Fárẹ́nháìtì 90 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ooru oṣù keje sì máa ń rí ní Florida. Búrẹ́dì tí a fi bọ́tà ẹ̀pà sí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọsàn kò ní ṣe ọmọ ní nǹkan.

Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n ó lówó. Ike omi kan nínú ọgbà a máa ju dọ́là 3 lọ. Bí ẹni márùn-ún bá mu méjì méjì lójúmọ́, dọ́là 30 ti lọ, bí wọ́n bá sì lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ọgbà, dọ́là 120 ni wọ́n ti fi mu omi lásán. Bẹ́ẹ̀ ni ìsọ̀ oúnjẹ Disney tó bá ń ta ohun mímu inú ife yóò bu omi tútù pẹ̀lú yìnyín fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, láìgba kọ́bọ̀. Kí oníkálukú mú ike omi tirẹ̀ láti ilé, kí ó sì má tijú láti béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ: bàbá, ìyá, ọmọ ọdún 11, ọmọ ọdún 6 àti ọmọ ọdún 2, tí wọn yóò lo ọjọ́ 6, tí wọ́n sì ti pinnu pé dọ́là 600 ni agbára wọn ká fún oúnjẹ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí wọ́n mú 150 lọ sí Aldi tàbí Walmart ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá dé, kí wọ́n ra búrẹ́dì, wàrà, ẹyin, èso àti páálí omi, èyí tí yóò tó wọn jẹ ní gbogbo àárọ̀ àti ní ọ̀sán inú ọgbà. Ìpínlẹ̀ Florida kì í sì gba owó orí lórí ọ̀pọ̀ jùlọ ohun jíjẹ tí a kò tíì sè, oúnjẹ sísè ni wọ́n ń gbà á lé, ó sì jẹ́ 6.5 nínú 100 ní agbègbè Orange tí Orlando wà. Lẹ́yìn èyí, 40 lójúmọ́ fún oúnjẹ gbígbóná kan, fún ọjọ́ márùn-ún, jẹ́ 200. Dọ́là 40 náà yóò tó bí a bá fọgbọ́n ná an: ní ojú fèrèsé ìsọ̀, kò sí ẹni tó ń ka ọjọ́ orí ẹni tó fẹ́ àwo ọmọdé, àwo náà a sì máa tó àgbàlagbà tí ooru ti mú; itan tòlótòló tí wọ́n ń tà níbẹ̀ tóbi tó ohun tí ẹni méjì lè pín; ní àwọn ọjọ́ mìíràn, adìyẹ yíyan kan láti ọjà àti ẹ̀bà ní hòtẹ́ẹ̀lì ti parí ọ̀rọ̀.

Wọ́n ṣì ní 250 lọ́wọ́. Kí wọ́n ya 180 sọ́tọ̀ fún àsè ọjọ́ kan, nítorí àwọn ọmọ yẹ ní ẹni tí a ń gbé àwo oúnjẹ ká níwájú ní ọjọ́ kan nínú àjò wọn. Ọjọ́ 60 ṣáájú ni Disney ti ń gba orúkọ ẹni tó fẹ́ jókòó, ẹni tó bá sùn yóò jí bá àyè tó ti kún. Kí wọ́n ṣọ́ra fún àsè tí àwọn tó múra bíi Mickey ti ń wá kí ọmọdé nídìí tábìlì, nítorí iye orí ni wọ́n sábà máa ń gbà níbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti pé 10 ti di àgbà lójú Disney, ọmọ ọdún 11 wa yóò sì san iye tí bàbá rẹ̀ san. Ilé oúnjẹ tí a ti lè yan àwo tí a fẹ́ ló bá 180 mu. Kí wọ́n sì rántí pé iye tó wà lójú ìwé kọ́ ni iye tí wọn yóò san: oúnjẹ dọ́là 140 yóò mú owó orí 9.10 dání, ẹ̀bùn agbáwo ní ìwọ̀n 18 nínú 100 yóò jẹ́ 25.20, gbogbo rẹ̀ di 174.30. Dọ́là 70 tó ṣẹ́kù, ti áísìkiriìmù ni àti ti ohun tí a kò retí, nítorí ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kí ó má ra á lọ́wọ́. Kí wọ́n fún àwọn ọmọ méjì tó dàgbà ní 20 kọ̀ọ̀kan níwájú ara wọn, kí wọ́n sì sọ fún wọn nílé, kì í ṣe nínú èrò ọgbà, pé bí ó bá tán, ó tán. Ọmọ ọdún 11 tí owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò wo iye tó wà lára gúgúrú náà lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fẹ́ kí àwọn ọkùnrin ilé fetí sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, bí a bá ní kí a ṣọ́wó ná, ẹ̀yìn ìyá ni a fi ń san án. Òun ni yóò jí ní agogo márùn-ún dín ẹyin. Òun ni yóò fi bọ́tà pa búrẹ́dì, tí yóò rọ omi sínú ike márààrún, tí yóò gbé àpò kọ́ èjìká láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tí yóò bó ọsàn fún gbogbo ilé nínú ìlà tí wọ́n tò. Nígbà tí ọkọ àti ọmọ bá sì ti sùn, òun náà ni yóò dúró ti agbada ìfọwọ́ hòtẹ́ẹ̀lì tí yóò máa fọ ike. Ìyá ni wúrà, bàbá ni díńgí, ṣùgbọ́n irú ìyá yìí kò lọ sí ìsinmi kankan, kíṣìnnì rẹ̀ ló ṣí lọ sí Florida. Kí bàbá gba oúnjẹ àárọ̀ ṣe láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn. Kí ọmọ ọdún 11 máa fi bọ́tà pa búrẹ́dì. Kí wọ́n ra àwo bébà, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ ọbẹ̀ tuntun nígbà tí ti inú fíríìjì kò tíì tán. Dọ́là tí a fi oorun ìyá ṣẹ́ jọ, ó ti wọ́n jù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a má ṣe fi ebi ọmọ ṣẹ́ owó jọ. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọmọ tí a fi ìpékeré tàn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ yóò sunkún níwájú ààfin Cinderella, kò ní rí i. Bí ẹ bá ṣírò, ṣírò, tí owó oúnjẹ kò tó, ẹ fi ọjọ́ kan gé lára ọjọ́ inú ọgbà, kí àwọn ọmọ lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún omi hòtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ náà, ọ̀fẹ́ ni. Bí kò bá tún tó, ẹ sún un di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ pe ọkọ, ẹ pe aya, ẹ pe àwọn ọmọ tó gbọ́n jókòó nídìí tábìlì nílé, kí ẹ kọ iye oúnjẹ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan náà tí ẹ fẹ́ san owó tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì kọ ọ́ kí ẹ tó san án.